N Kò Fi Omi Kan Orí Débórà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú ń bí mi. Ara mi gan-an ni mo ń bínú sí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá ta bá ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara mọ́ ọn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí báyìí ni pé mo rí Rónkẹ́ ní Fìdítì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó kúnlẹ̀! Èmi tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Onídìrí ni mí ní Ilora. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi dirun. Mo lè dárúkọ gbogbo ẹni tó ti jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi rí. Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn oníbàárà mi ń lọ sọ́dọ̀ Rónkẹ́, ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́. Mi ò bínú nígbà náà. Irọ́ ni. Mo bínú.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Débórà àbúrò mi wó. Apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé mi ni wọ́n gbé e wá. Ó ní kí wọ́n pe Rónkẹ́ wá di irun òun. Lójú mi! Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọwọ́ yín ti ń fa irun jù." Rónkẹ́ fọ irun náà, ó di ṣùkú fún un, ó kó gbogbo rẹ̀ sókè kí ìpàkọ́ má baà máa dùn ún lórí ìrọ̀rí.

Yétúndé, ọmọ Débórà, tíṣà ni n'Íbàdàn. Òun ló gbé àgolo kan wá. Ó ní ṣáńpù gbígbẹ ni, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fọ́n sórí nígbà tí kò bá sí àyè àtifọ irun, pé ó máa ń fa òróró àti òógùn mu. Ó ní aláwọ̀ funfun wà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ́n bíi kòkó lòun rà, torí pé funfun á hàn lórí irun dúdú bí eérú. Ó ní irun òyìnbó máa ń yọ òróró, wọ́n lè lò ó léraléra. Tiwa ká, ó sì gbẹ. Díẹ̀ ló ń fẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ó kọjú sí mi, ó ní, "Màmá, irun tí a tú sílẹ̀ nìkan ni o. Ẹ là á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí àgolo jìnnà sí orí, ẹ fọ́n díẹ̀ sí ìdí irun. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, ẹ fi ìka rà á, kí ẹ wá yà á dànù. Ẹ má fọ́n ọn sórí dídì, kò ní rọ́nà jáde. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fomi fọ̀ ọ́ fún wọn."

Débórà rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Yétúndé, o ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Àgolo ti di onídìrí!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé eré ló ń ṣe. Láti kékeré ni Débórà ti ń ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n mo wí nínú ara mi pé, ó dára, kí àgolo máa fọ̀ ọ́ nìyẹn.

N kò tú irun náà. Àárín ṣùkú ni mo ń fọ́n ìyẹ̀fun sí, láràárọ̀. Èmi, onídìrí, tí mo mọ̀ pé ohun tó bá wọ ìdí irun dídì, ibẹ̀ ni yóò gan mọ́! Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ṣe é. Débórà ń bẹ̀ mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, orí ń yún mi. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i." Mo ní, "Ṣebí àgolo rẹ nìyẹn." Kànga wà lẹ́yìnkùlé mi. Bí Yétúndé bá pè lórí fóònù, mo ní Rónkẹ́ ti wá fọ̀ ọ́. Débórà ń gbọ́ irọ́ náà. Kò fẹjọ́ mi sùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni.

Débórà kú. Àìsàn ló pa á. N kò sọ ìyẹn láti fi gba ara mi sílẹ̀.

Nílé wa, ẹ̀gbọ́n kì í wo òkú àbúrò. Pálọ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí Felíṣíà àti Rúùtù, obìnrin ìjọ wa, ń tú irun rẹ̀ ní yàrá, kí wọ́n lè tún un dì fún ìsìnkú. Kọ́tìnnì nìkan ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ tí Felíṣíà kígbe.

"Jésù! Ẹ wo orí ènìyàn! Ó ti dì gbagidi, egbò ló wà nísàlẹ̀."

Rúùtù ní, "Ọwọ́ Rónkẹ́ nìyí. Ọ̀bùn ọmọ!"

Mo panu mọ́. Àwọn obìnrin yẹn náà ń bí mi nínú. Wọn kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Yétúndé lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó bú u lójú gbogbo ayé. Rónkẹ́ kàn ń sunkún ni. Ó mọ ẹni tó ń tọ́jú Débórà, kò dárúkọ mi, torí pé ọ̀gá rẹ̀ ni mí. Kí ló dé tí kò bú mi? Kò sẹ́ni tó gbé orí fún un mọ́ ní Ilora. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ.

Yétúndé ń bọ̀ ní Sátidé fún ìrántí ìyá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú ìjọ fún ìtọ́jú tí mo ṣe. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí ní Màmá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo pàdánù rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á. Ẹ má sọ pé Débórà ti dárí jì mí, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n sọ fún Yétúndé nínú ilé ni, àbí kí n dìde nínú ìjọ kí Felíṣíà àti Rúùtù gbọ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ bú ènìyàn, èmi ni kí ẹ bú. Ẹ fi Rónkẹ́ sílẹ̀.