Bí Orúkọ Eléèéfín Ṣe Ti Ẹnu Mi Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí ọdún méje. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún pa irọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí, inú ilé Ọlọ́run ni mo sì ti pa á. Mi ò lè dá a gbé mọ́.

Bí ẹ bá ti jẹun ní Agbowó rí, tàbí ní gáréèjì Challenge, ẹ ti gbọ́ "èéfín". Ẹni tó bá fẹ́ ìrẹsì ìdí ìkòkò, èyí tí iná ti kàn díẹ̀, á ní kí wọ́n bu èéfín fún òun. Oníkálukú ló ní ibi tí òun gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti wá. Awakọ̀ kan búra níṣojú mi pé àwọn ará Gáná ló mú un wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní rárá, pé ọ̀dọ̀ àwọn kúùkù òyìnbó ni. Mo jókòó láàrin wọn, mò ń jẹ ìrẹsì mi lọ. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méje sẹ́yìn, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, mò ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Dùgbẹ̀. Àwọn akọ̀wé ló máa ń wá jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Nítorí èrò, a máa ń fún oníbàárà lórúkọ, orúkọ yẹn la sì máa ń ké láti ojú fèrèsé sí ilé ìdáná, alásè á ti mọ ohun tí yóò bù. Ọ̀gá Eegun ni ẹni tí kì í jẹ ẹran tí kò léegun. Bàbá Ẹ-Fi-Kún-un ni èyí tí abọ́ kan kì í tó. Tíṣà kan máa ń mu ife omi mẹ́ta kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, Kànga la pè é. Èmi ni mo máa ń sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ má bínú, mo fẹ́ràn ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí i ju oúnjẹ lọ.

Ìyá Ṣadé ni alásè wa. Opó ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Àwọn ló kọ́ mi pé bí ìrẹsì bá ti ń gbẹ, kí á yọ igi lábẹ́ ìkòkò, kó ku ẹyin iná nìkan.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Màdáàmù tó ni hòtẹ́ẹ̀lì gba àlejò ogún láti ọ́fíìsì ńlá kan. Ìrẹsì alásèpọ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ. Ìyá Ṣadé ti wà lórí ìdúró láti ìdájí, ojú wọn ti pọ́n. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ jókòó, kí ẹ dijú díẹ̀. Màá yọ igi náà tó bá yá."

Wọ́n ní, "Ṣé o ò ní gbàgbé?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà! Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?" Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé wọn lọ.

Ẹ wo ohun tó gbé mi kúrò nídìí iná. Mo yọjú síwájú, mo rí alága àwọn àlejò náà tó ń wọlé, ó ń ju ìdí síhìn-ín, ó ń jù ú sọ́hùn-ún. Orúkọ ti délẹ̀: Ọ̀gá Pẹ́pẹ́yẹ! Mo sáré lọ sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, mo tilẹ̀ ṣe bó ṣe ń rìn. Kí n tó rántí igi, èéfín ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Màdáàmù ló ṣáájú mi débẹ̀. Ìyá Ṣadé ta jí, wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n dijú ni, pé wàá bá mi wò ó?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní, "Èmi kẹ̀, mà? Iwájú ni mo wà. Bóyá ẹ lálàá ni."

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn fọwọ́ pa ojú, wọ́n ní, "Bóyá àlá ni lóòótọ́." Màdáàmù lé wọn lọ kí àwọn àlejò tó jẹun tán.

Kò sí oúnjẹ mìíràn, ìrẹsì náà la bù. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Ni mo bá kígbe lójú fèrèsé pé, "Ìrẹsì Ìyá Eléèéfín, abọ́ méjì!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè mọ́.

Ibi tó ti wá dojú rú fún mi rèé. Àwọn àlejò yẹn jẹ ìrẹsì náà tán. Lọ́sẹ̀ kejì, méjì nínú wọn padà wá béèrè "ti Eléèéfín yẹn". Ìyá Ṣadé ti pa àtíbàbà sí Agbowó nígbà náà. Ẹnìkan láti Dùgbẹ̀ rí wọn níbẹ̀, ó pè wọ́n ní Ìyá Eléèéfín, wọ́n sì sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀: "Mama, abeg, èéfín for two people!" Èrò ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Ààrò mẹ́ta ni wọ́n ń dáná sí báyìí, Ṣadé sì ti wà ní ilé ìwé gíga. Ṣé ibi ni mo ṣe ni, àbí ire? Bí mo bá ní ire ni, ọkàn mi á kọ̀. Bí mo bá ní ibi ni, ojú mi ń rí ire tó ti ibẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, Ìyá Ṣadé ránṣẹ́ pè mí síbi ìdúpẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ń lọ. Wọ́n dìde jẹ́rìí. Wọ́n ní oorun tí àwọn sùn nídìí iná ni Ọlọ́run fi gbé àwọn ga. Wọ́n wá nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Mo purọ́ mọ́ ọmọ yìí lọ́jọ́ náà, mo ní òun ló sọ pé òun máa wò ó. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Mo dìde, mo ní, "Mo ti dárí jì yín, mà."

Lẹ́yìn ìsìn, mo tẹ̀ lé wọn lọ sí àtíbàbà. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú. Ṣadé sọ fún mi pé láti ọjọ́ Dùgbẹ̀ yẹn, ìyá òun kì í jókòó bí ìkòkò bá wà lórí iná, àti pé nọ́ọ̀sì ti bẹ̀ wọ́n títí. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé ẹni tó bá lálàá lójú iṣẹ́, tó sì pe àlá náà ní òótọ́, kò gbọdọ̀ gbọ́kàn lé ojú ara rẹ̀ mọ́. Mo fa àpótí kan sún mọ́ wọn. Wọ́n tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Ìwọ jókòó, ọmọ mi. Ojú tìẹ dá ṣáká." Mo sì jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, orí mi ti dàrú. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lè jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n ti ń jẹ́ níwájú Ọlọ́run láti ọdún wọ̀nyí wá á wó. Bí mi ò bá sọ ọ́, ẹsẹ̀ yẹn ń wú lọ. Mi ò sì ní tàn yín, ìtìjú tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnu wo ni mo máa fi sọ fún wọn pé wọn ò lálàá kankan?