Igò Òfìfo Ni Ọlọ́run Fi Yọ Mí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi pariwo Halelúyà! Àwọn tó wà lẹ́yìn, ohùn yín ò dé iwájú o. Bóyá ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, nítorí nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, ẹkún ni mo rò pé màá máa sun.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tolú tó ń ta mínírà lójú ọ̀nà Ayépé. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù yẹn la fi ń jẹun. Kò sì sí àsìkò tí mínírà ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí tó ìgbà Iléyá. Àwọn ọmọ wa á ti Èkó dé, á ti òkè òkun dé, gbogbo ilé á kún. Ohun tí mo bá tà nígbà yẹn ni mo fi ń san owó ilé ìwé.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọjà ò tó. Àlájà tó ní dẹ́pò, tó ń pín mínírà fún gbogbo àwa oníṣọ́ọ̀bù, ní díẹ̀ ni kámpánì gbé wá fún òun. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ gbé, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ìjà, àwọn kan ti fa aṣọ ara wọn ya. Ni Àlájà bá pè wá jọ.

Ó ní, “Mi ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni pín in. Iye kéréètì igò òfìfo tí kálukú bá gbé wá ni màá fi èyí tó kún pààrọ̀ fún un, kó san owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé nǹkan kan lásìkò ọdún, màá fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.”

Kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igò tèmi dà? Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará. Nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo gbé mínírà wá. Ẹ mu ún, ẹ gbádùn, ẹ sì gbé igò lọ sílé! Mo ti lọ wo díẹ̀ nínú wọn. Bàbá Akọ̀wé ti rọ epo pupa sínú tiwọn. Ìyá Ìjọ fi tiwọn ṣe igò kẹrosíìnì. Àwọn ọmọkùnrin dẹ́pò sì máa ń gbóòórùn igò. Èyí tó bá ń rùn, wọ́n á dá a padà fún ẹ ni.

Mo gbààwẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run fọwọ́ tọ́ Àlájà lọ́kàn, kó ṣàánú èmi nìkan. Mo wá lọ bá a, mo kúnlẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Tolú, ẹ dìde. Tí mo bá ṣe é fún yín, kí ni kí n sọ fún ẹni tó ti Ìmùṣin wá, tó dúró sẹ́yìn yín yẹn?”

Inú bí mi. Mo jáde, mo ń bi Ọlọ́run pé àdúrà mi dà.

Ìta níbẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Ṣẹ̀rífá, tó ń ta mínírà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi. Àwa méjèèjì la jọ máa ń du oníbàárà, kì í ṣe ẹni tí mo lè sunkún lọ bá. Ó to kéréètì igò òfìfo sílẹ̀ bí ògiri, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ òun ni, igò wà, owó ọjà ni ò tó.

Ó ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?”

Mo ní, “Owó wà. Igò ni ò sí.”

A wo ara wa, la bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ìyá Tolú, màá gba ìwọ̀n tí agbára mi ká. Ẹ fi ìyókù igò gbé tiyín. Ẹ ṣáà dá igò mi padà lẹ́yìn ọdún.”

Ẹ̀yin ará! Mo tẹjú mọ́ Àlájà, ìta ni Ọlọ́run ti ń dá mi lóhùn. Ẹ rántí opó tí wòlíì ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn láìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé èmi náà máa yá. Mo tà, ọjà tán. Owó ilé ìwé ti wà nílẹ̀, àyè mi ṣì wà lọ́dọ̀ Àlájà. Ara ọmọ Ìyá Ṣẹ̀rífá ti yá, wọ́n tún gbé ẹran Iléyá wá fún wa.

Ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run! Àmọ́ Ìyá Ṣẹ̀rífá ń retí igò rẹ̀ o, àwọn oníbàárà ọdún sì ti gbé lára rẹ̀ lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá gbé kéréètì sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi yọ̀, kó má ṣe wá lọ́wọ́ òfìfo, igò òfìfo ni kó mú wá. Kó sì fọ epo inú rẹ̀ kúrò.

Halelúyà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mo gbọ́ tiyín báyìí.