Ọ̀kan Ò Lè Dá Yí

Nígbà ìjọba ṣọ́jà, níbi tá a ti tò fún kẹrosíìnì l'Ágége, obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó kàwé wà níwájú mi.

"Wọ́n fẹ́ gbà ẹ́ nílé iṣẹ́ páànù n'Íkẹjà, o ní Amẹ́ríkà lò ń lọ. Kí lo fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀ gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, òkúta kan wà tó rí ní ìpele-ìpele bíi páànù tí wọ́n tò léra. Àwọn nǹkan tíntìntín inú rẹ̀ ń pòòyì bí òkòtó. Wọ́n fún mọ́ra débi pé ọ̀kan ò lè dá yí. Bí eléyìí bá kọjú sókè, èkejì á kọjú sílẹ̀."

"O fojú rí i?"

"Kò ṣeé fojú rí."

"Òkòtó tí ò ṣeé rí! Torí ẹ̀ ni Màámi ṣe ta aṣọ òkè wọn, kó o lè wọ yunifásítì."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rọra tún un sọ pé, "Ọ̀kan ò lè dá yí. Ohun tó dùn níbẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó tòkè-tilẹ̀. "Màámi ò ríran mọ́, àwọn àbúrò ẹ ń wojú ẹ, ìwọ fẹ́ dá yí sí Amẹ́ríkà. Òkúta gan-an mọ ẹbí jù ẹ́ lọ."

Ọkùnrin náà kàn ń fẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síwájú bí a ṣe ń sún.