Ọwọ́ Tó Ń Sún Bọ́tìnì Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí, ó wúwo ju ọwọ́ mi nìkan lọ. Èmi Ìyá Tómi ni, tí ẹ mọ̀ nínú choir, èyí tó máa ń pẹ́ dé. Ọlọ́run tí kì í pẹ́ dé ló gbé mi dìde lónìí.

Ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe é. Nígbà tí a dé Peckham ní London níbí, care home ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń wẹ àwọn àgbàlagbà, mò ń po tíì fún wọn. Kí n tó lè padà wọṣọ nọ́ọ̀sì, mo gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kan tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀mpútà. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo fìdí rẹmi. Hospital kan wá ní àwọn fẹ́ gbà mí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá yege kí oṣù tó parí, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi síbẹ̀.

Mo bá sanwó practice, ìdánwò tí èèyàn fi ń dánra wò, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní àràárọ̀ kí n tó lọ sí shift, mo ti jókòó tì í. Ó mọ́ mi lára débi pé mi ò kì í wo ibi tí mò ń tẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti dáhùn tán, ọwọ́ mi á lọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n kọ "Next" sí, ó di ìbéèrè tó kàn. Mò ń gba àádọ́rin, mò ń gba ọgọ́rin. Mo ti ń bi àwọn èèyàn nípa bàtà nọ́ọ̀sì.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi dé láti Abẹ́òkúta. Mummy nìyẹn, tí wọ́n jókòó níwájú lọ́hùn-ún. Sunday ni wọ́n dé. Ní Monday, mo ṣí kọ̀mpútà, mo dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, mo tẹ ibi tí mo máa ń tẹ̀. Kọ̀mpútà ní ìdánwò ti parí, ó ní ẹyọ kan ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ó tún parí. Gbogbo ojú ẹ̀ ló ti yí padà. Wọ́n ti gbé "Next" lọ sókè, bọ́tìnì tó ń parí ìdánwò ló wá jókòó sípò ẹ̀, ọwọ́ mi ò sì yéé lọ síbẹ̀.

Ẹni tí orí ẹ̀ pé á ti mọ̀ pé update ni. Èmi ní tèmi, mo ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, mo ní kí ọwọ́ tó ń sún bọ́tìnì mi rọ, kí Ọlọ́run dá bọ́tìnì náà padà sípò ẹ̀. Mummy ní kò sí bí ìyàwó àwọn ṣe máa dá gbààwẹ̀, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní kí ọwọ́ ọ̀tá rọ, Mummy á ṣe àmín tó ń mi fèrèsé. Tí a bá sì fẹ́ ṣínu, mi ò kì í fọwọ́ kan ọbẹ̀ tí wọ́n sè. Mo parọ́ pé búrẹ́dì nìkan ni dókítà ní kí n máa jẹ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Alhaja tó ń gbé ní flat ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì làwọn náà, ìdánwò kan náà là ń múra fún. Wọ́n di kọ̀mpútà wọn mọ́ àyà. Wọ́n ní ó ti di ọjọ́ karùn-ún tí "Next" àwọn ti sá lọ. Mo wojú Mummy. Mummy ò mọ ilẹ̀kùn Alhaja, báwo ni wọ́n ṣe wá dé inú kọ̀mpútà Alhaja?

Ibẹ̀ ni Mummy ti dá sí i. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń jókòó sí ní àràárọ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, òkè ni nǹkan yẹn wà, ìsàlẹ̀ lò ń tẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní London nìyẹn ni."

Bí Mummy ṣe di tíṣà wa nìyẹn. Láàárín èmi àti Alhaja ni wọ́n ń jókòó sí, ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀, wọ́n á gbá a. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gbá wa lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé, mo lọ sí Kennington. Wọ́n tan kọ̀mpútà, ojú tuntun yẹn gan-an ni mo rí, "Next" wà lókè. Ìdánwò fúnra ẹ̀ ló ti yí padà, practice kàn tẹ̀ lé e ni. Ẹ̀yin ará, bí Ọlọ́run bá dá bọ́tìnì yẹn padà bí mo ṣe ní kó ṣe, ìbéèrè kan péré ni ǹ bá dáhùn kí n tó máa bọ̀ nílé. Ọpẹ́ àdúrà tí kò gbà ni mo mú wá. Mo yege. Alhaja náà yege. Monday tó ń bọ̀ ni mo máa wọ yunifọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ jókòó báyìí. Mummy, mo kúnlẹ̀. Ọ̀tá tí a jọ gbààwẹ̀ lé lórí yẹn, ẹ̀yin ni mo fi ṣe. Ọjọ́ márùn-ún lẹ fi ṣe àmín sí i pé kí ọwọ́ ara yín rọ. Ọlọ́run ò gbà á, torí ọwọ́ yẹn ló fẹ́ fi kọ́ mi.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará, ó tọ́ sí mi. Ògo ni fún Olúwa. Ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ sì bá mi bẹ Mummy. Wọn ò tíì ní kí n dìde.