Làálì Ọkọ Ìyàwó

[Habibullah, olùdarí eré, ló pe Hùmúàní, aránṣọ eré. Ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá.]

HABIBULLAH: Àsàláámù aléékúmù, Àǹtí Hùmúàní. Ẹ kú ọ̀sán o. Ibo lẹ dé?

HÙMÚÀNÍ: Wa aléékúmù sàláàm. Ọ̀fà Garage la wà, ọ̀nà ò lọ. Gbogbo aṣọ wà lórí itan mi.

HABIBULLAH: Alihamudulilahi. Aago mẹ́rin la máa bẹ̀rẹ̀ o. Please, ẹ bá mi ra ìbọ̀wọ́ funfun kan bọ̀, èyí tó gùn.

HÙMÚÀNÍ: Ìbọ̀wọ́? Ta ni òtútù ń mú?

HABIBULLAH: Asabe tó ń ṣe ìyàwó. Fún ìran ìgbéyàwó.

HÙMÚÀNÍ: Apá aṣọ ọmọ yẹn dé ọrùn-ọwọ́, èmi ni mo rán an. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ bò?

HABIBULLAH: Kì í ṣe— Ṣé ẹ gbọ́ mi? Làálì ọwọ́ ẹ̀, lighting ò jẹ́ ká rí i. Alhaja tó ni gbọ̀ngàn wo rehearsal lánàá, ó ní òun ò rí nǹkan kan, ká kúkú fi ìbọ̀wọ́ bò ó.

HÙMÚÀNÍ: Ọwọ́ nìkan?

HABIBULLAH: [ó wúkọ́] Ó ní ká fi pọ́dà díẹ̀ sójú náà. Kó mọ́ díẹ̀. Pé òyìnbó tó jẹ́ ọkọ nínú eré ò lè rí ọmọ tó dúdú tó báyìí kó—

HÙMÚÀNÍ: Kó kí ni? Parí ẹ̀!

HABIBULLAH: Kó fẹ́ ẹ. Alhaja ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi!

HÙMÚÀNÍ: Ìwọ lò ń jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀! Eré tí a fi fẹ́ bá àwọn tó ń fi àwọ̀ yan ìyàwó wí, ìyàwó inú ẹ̀ lẹ fẹ́ fi pọ́dà kùn? Asabe gbọ́?

HABIBULLAH: Ó gbọ́. Ó kó ẹrù ẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́.

HÙMÚÀNÍ: Mo mọ̀. Ó wá bá mi láàárọ̀, ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Èmi náà dúdú o, Habibullah. Ìyá ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ọmọ òun ò ní gbé èédú wálé. Ogún ọdún rèé, ó ṣì ń dùn mí. Adúmáadán lọmọ yẹn! Nítorí dúdú ẹ̀ ni mo ṣe yan òfì funfun fún un.

HABIBULLAH: Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù. Alhaja lè ti gbọ̀ngàn ẹ̀ pa—

HÙMÚÀNÍ: Kó tì í! Ká ṣe é níta. Ṣé o gbọ́ mi?

HABIBULLAH: Ó ń já o... Hẹ́lò?

HÙMÚÀNÍ: Mo ní bí pọ́dà bá kan ojú Asabe, aṣọ kankan ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yìí. Ẹ máa ṣe é níhòòhò!

HABIBULLAH: Astagafirulahi! Làálì ńkọ́? Ìgbéyàwó Ìlọrin láìrí làálì?

HÙMÚÀNÍ: Wọ́n á rí i. Suhaib ló jókòó tì mí yìí.

HABIBULLAH: Suhaib tó ń ṣe òyìnbó? Kí ló kàn án?

HÙMÚÀNÍ: Àfín ni, àbí? Làálì ò lè sá pamọ́ sára ẹ̀. A ti lé e sọ́wọ́ ẹ̀ méjèèjì, títí dé ìgúnpá.

HABIBULLAH: Ọkùnrin! Níwájú àwọn àfáà! Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!

HÙMÚÀNÍ: Nílùú baba Asabe lókè Ọya, ọkọ náà ń lé e. Àbí ìyàwó nìkan ló gbọ́dọ̀ para dà?

HABIBULLAH: Asabe mọ̀ sí i?

HÙMÚÀNÍ: Òun ló lé e, ní pálọ̀ mi. Ó ń sunkún, ó ń lé e. Kó tó dé ọwọ́ òsì, ẹ̀rín ló ń rín. Òun náà rèé nínú kẹ̀kẹ́, a jọ ń bọ̀ wá ṣeré.

HABIBULLAH: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò! Ẹ ra ọṣẹ, ẹ ra kẹrosíìnì—

[Ẹ̀rín ènìyàn mẹ́ta.]

HÙMÚÀNÍ: Làálì ni o, kì í ṣe pọ́dà. Ṣé o gbọ́ mi?

HABIBULLAH: Àǹtí! Alhaja ti jókòó síwájú—

HÙMÚÀNÍ: Kó jókòó dáadáa. Làálì ti gbẹ.

[Ìpè já.]