Oúnjẹ Ọ̀sán Ìyá Ọkọ

Mo jókòó lẹ́yìn ìyá kan nínú bọ́ọ̀sì ní Brampton, ní Canada, láàárọ̀. Wọ́n na búrẹ́dì sí ọ̀dọ́bìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ ṣé, Auntie. Mò ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ wo? Ṣebí a ti ṣọdún tán!"

"Èyí tí mo jẹ ní Senegal, lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ mi, ni mò ń san."

"Níbi tí gbogbo ìlú ti ń gbààwẹ̀!"

"Ìyá ọkọ mi ní arìnrìn-àjò ni mí, kò di dandan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáná ọ̀sán fún èmi nìkan, tàwọn tààwẹ̀ lẹ́nu. Auntie, mo pe ara mi ní ìyàwó ilé. Àlejò ni wọ́n fi mí ṣe títí mo fi wọ bàálù."

Ìyá náà bu búrẹ́dì jẹ.

"Èmi, ìyàwó ilé ni wọ́n pè mí. Ọjọ́ tí mo dé ilé ọkọ gan-an ni wọ́n gbé ìkòkò sààrì lé mi lọ́wọ́."