Ohùn Ọkọ Mi Nínú Ilé Iwin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀ ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, màá ní rárá. Bí ọjọ́ náà bá tún padà wá, màá tún un ṣe, màá sì fi kún un. Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìyá arúgbó náà wà lórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Ìsẹ̀dó, ó dẹtí sílẹ̀, ó ń dá ẹni tí kò sí níbẹ̀ lóhùn. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ń tún rédíò ṣe ní Ìlá. Èmi ni mo máa ń bá a di wáyà mú nígbà tó bá ń fi òjé jó o pọ̀, títí tí èmi náà fi mọ iṣẹ́ náà. Bí ó bá tún ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan ṣe tán, yóò gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀ láti fi dán an wò: “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi dáadáa?” Lẹ́yìn náà yóò tẹ̀ ẹ́, yóò gbọ́ ọ, yóò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mọ́tò pa á lọ́nà Ọ̀tan Ayégbajú, kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, nítorí kí a tó ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Kò tán síbẹ̀ o! Ó dìde láàárín ẹbí, ó ní kí wọ́n bi mí ní ohun tí mo fún ọkọ mi jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Èmi! Ìyá wọn nìkan ló gbèjà mi: “Bí ẹ bá lé ìyàwó mi, ẹ yáa lé èmi náà.” Iṣu oko ìyá yìí ni èmi àti ọmọbìnrin mi ń jẹ fún odidi ọdún kan. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ń retí ọjọ́ kan.

Ọjọ́ náà dé. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ọmọ mi ń lọ fẹ́ ṣe bàsá láti fi kówó jọ, tíṣà àgùnbánirọ̀ kan láti Èkó sì ní àwọn yóò ṣe ilé iwin: wọn yóò fi aṣọ dí fèrèsé kíláàsì kan, ère yóò máa dìde nínú òkùnkùn, àwọn ènìyàn yóò sanwó wọlé wá bẹ̀rù. Ó ń wá ẹni tí yóò bá òun so wáyà rẹ̀. Mo ní èmi rèé. Ta sì ni alága ọjọ́ náà, tí yóò kọ́kọ́ wọlé? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi! Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá.

Mo wá agolo mílíìkì ńlá kan, mo fi sáńpépà ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò. Mo fi ẹ̀rọ tó ń yí àwo giramafóònù àtijọ́ àti róbà fà á kí ó lè máa yí jẹ́jẹ́. Mo so bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọn, mo lẹ bébà mọ́ ọn lára, mo sì dá ojú ibì kan sí láìlẹ̀. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ń fara kan agolo náà bó ṣe ń yí. Tí sípóòkù bá wà lórí bébà, iná kò kọjá. Tó bá kan ibi tí kò ní bébà, iná kọjá. Ọ̀kan ń tan gílóòbù pupa méjì ojú ère, èkejì ń yí ẹ̀rọ wáípà ọkọ̀ tó ń gbé apá rẹ̀, ẹ̀kẹta ń mú kásẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Mo lẹ bébà, mo tú u, mo tún un lẹ̀, títí ojú fi ń tàn kí apá tó nà, tí apá sì ń nà kí ohùn tó jáde. Àwọn tíṣà yòókù rò pé igbe ológbò ni mo gbà sínú rẹ̀; àgùnbánirọ̀ yẹn nìkan ló mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ọkọ mi ni. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi ni mo wọ̀ fún ère náà.

Ohun tí mo gbàgbé kò yẹ kí ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ìlá gbàgbé. Ọkùnrin náà gbé ìyá rẹ̀ wá nínú ọkọ̀, kí ará ìlú lè rí i pé ó ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ wo ló máa ṣíwájú ìyá rẹ̀ wọlé níṣojú àwọn ènìyàn? Ó ní, “Ìyá, ẹ máa ṣíwájú.” Mo wà lẹ́yìn aṣọ, wáyà wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì fi kan bátìrì. Mo rí ìyá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí i! Mo lè ju wáyà yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rántí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ yẹn, mo sì fi wáyà kan bátìrì.

Ojú tàn. Apá nà. “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi dáadáa?” Háà! Àgbà ọkùnrin dojú bolẹ̀, agbádá rẹ̀ fàya lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké: “Àjàní, jọ̀ọ́! Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ ò ṣe nǹkan kan! Màá fún un ní kọ́kọ́rọ́!” Gbogbo àwọn tó wà níta gbọ́ ọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi níwájú ẹbí. Títí dòní, bó bá ń kọjá, mo máa ń kí i pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” kí n lè rí i bó ṣe ń sáré bọ́ sí òdìkejì títì.

Ìyá ní tirẹ̀ kò sá. Ó rọra jókòó sílẹ̀ níwájú ère náà, ó ní, “Mo ń gbọ́ ọ, Àjàní. Máa wí, ọmọ mi.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Ó ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀, kò jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn, ó sì ti rù kan eegun. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún un, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò gbọ́, yóò gba ṣọ́ọ̀bù padà, ọmọ mi yóò kúrò níléèwé. Àgùnbánirọ̀ tó mọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì ti parí ìsìn rẹ̀, ó ti lọ. Èmi nìkan ló kù. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, òótọ́ ni; ṣé ìyá yìí náà da eérú ni?

Lánàá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n bá òun bẹ Àjàní kó tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó kú. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí mi. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un ni, àbí kí n tún un tẹ̀?